Ìjókòó ló bàjẹ́, àga kò bàjẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ kúṣìn àga ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ń ṣe. Ohun tó mú wa kọ̀wé ni àwọn àga ìjẹun tó ń kún orí ààtàn káàkiri ìgboro. Igi ọ̀gànwó, igi ìrókò, tí ẹsẹ̀ wọn ṣì dúró gbọnin, ni àwọn èèyàn ń jù nù nítorí pé lẹ́dà orí wọn ń bó tàbí pé fóòmù wọn ti pẹlẹbẹ. Wọ́n á wá lọ fowó gidi ra tuntun tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀ ṣe, èyí tí omi kan á ṣe báyìí, á wú. Ẹnì kan lè ní a ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Rárá o. Ìjókòó àga ìjẹun kọ́ la fi ń jẹun. Sófà la fi ń jẹun. Ìjókòó àga ìjẹun tí wọ́n fi súkúrù mẹ́rin dè láti abẹ́, ẹni tó bá lè lo òòlù àti àlùmọ́gàjí lè ṣe é nílé láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, bó bá mọ ibi tó ti ń bàjẹ́.

Ẹ dojú àga délẹ̀ sórí aṣọ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà họ. Ẹ óò rí súkúrù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹ tó tú u, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí abẹ́ ìjókòó, kí ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sínú igi àga rẹ̀. Àga mẹ́fà tó jọra wọn lójú kì í jọra ní ihò súkúrù. Ẹni tí kò bá kọ nọ́ńbà yóò parí iṣẹ́ tán, kò sì ní rí ìjókòó kankan tó wọlé síbi tó yẹ. Kí súkúrù ti àga kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo tirẹ̀, nítorí pé gígùn wọn lè yàtọ̀. Èyí tó bá gùn jù yóò yọ sókè lójú ìjókòó, yóò gún ẹni tó jókòó.

Lẹ́yìn náà ni ẹ óò yọ píìnì tí wọ́n fi mú aṣọ mọ́ abẹ́ pákó. Súkúrúdíráfà tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ kì bọ abẹ́ píìnì, kí ẹ gbé apá kan rẹ̀ sókè, kí ẹ sì fi pílásì fa èyí tó kù. Ẹ fi nǹkan bo ojú. Píìnì tó bá já máa ń ta, kì í sì í wo ibi tó ń lọ. Kí ẹ má fi ìkankan sílẹ̀ láìyọ, nítorí pé ìdajì píìnì tó yọ orí ni yóò gé aṣọ tuntun lábẹ́. Aṣọ àtijọ́ tí ẹ bá tú, ẹ má ya á. Òun ni ẹ óò fi mọ ìwọ̀n tuntun, òun náà ni yóò sì fi bí wọ́n ṣe ká igun rẹ̀ hàn yín.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ni àga náà, ìta ni kí ẹ ti tú u. Ìdun máa ń sá pamọ́ sí abẹ́ etí aṣọ àti ojú ihò súkúrù. Ẹ̀gbin dúdú wínníwínní bí ẹnu pẹ́ńsùlù ni ẹ óò fi mọ̀ pé wọ́n ti gbé ibẹ̀. Ẹ di fóòmù àti aṣọ rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù pinpin, kí ẹ sọ ọ́ nù, kí ẹ sì da omi gbígbóná sí igun igi. Ẹ má ṣe lo fóòmù bẹ́ẹ̀ mọ́ láé, bó ti wù kó dùn-ún wò tó.

Ẹ yẹ pákó ìjókòó wò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láàárín tó sì ń rọ̀, tàbí tí ìyẹ̀fun funfun ń jáde lára rẹ̀, ẹ gé píláíwúùdù onílàjì ínṣì tuntun, kí ẹ fi ti àtijọ́ ṣe ìwọ̀n. Fún ẹni tó fẹ́ lo lẹ́dà, kó lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ìka kékeré lè wọ̀ sí pákó náà. Lẹ́dà kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Bí èèyàn bá jókòó tí afẹ́fẹ́ inú fóòmù kò rí ọ̀nà gbà, ojú rírán tàbí igun ni yóò gbà jáde, ibẹ̀ ni yóò sì ti kọ́kọ́ ya. Ihò súkúrù tó ti fẹ̀ kò nílò súkúrù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ: igi ìṣáná méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ yọ etu rẹ̀, tí ẹ rì sínú gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà, ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́. Tó bá gbẹ di ọjọ́ kejì, súkúrù àtijọ́ á mú.

Ìgbà yìí náà ni kí ẹ mi igi àga wò. Ọyẹ́ máa ń fa omi kúrò lára igi, oríkèé rẹ̀ á sì là. Bó bá ń mì, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí oríkèé náà, kí ẹ fi okùn dì í pinpin mọ́jú. Ẹni tó gbé ìjókòó tuntun lé àga tó ń mì kàn ń fi aṣọ ìbora bo ìbàjẹ́ ni.

Fóòmù ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù. Gbogbo ènìyàn ló ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní ìsọ̀, tó bá le, wọ́n á ní ó dára. Líle kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Fóòmù fúyẹ́fúyẹ́ lè le lónìí, kó sì di àkàrà òjò láàárín oṣù díẹ̀, nítorí pé ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ní ògiri tó tín-ínrín. Bí ìdí bá ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ògiri wọ̀nyẹn á máa wó. Ẹ béèrè iye kílò tó wọ̀n ní kúbíìkì mítà kan. Ti ìjókòó yẹ kó tó kílò 28 sí 35. Èyí tó jẹ́ 18 tàbí 20, ẹ̀yìn àga tàbí ìrọ̀rí ló wà fún. Bí olùtajà kò bá mọ̀ ọ́n, òṣùwọ̀n ilé ìdáná mọ̀ ọ́n: fóòmù ínṣì 18 sí ínṣì 18 tó nípọn ínṣì 2 yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 320 bó bá jẹ́ oníkílò 30. Bó bá jẹ́ oníkílò 18, kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 190 lọ. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣe é fi àtàǹpàkò mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí yóò ṣe sá fún òṣùwọ̀n.

Ínṣì 2 ló dára fún àga ìjẹun. Àwọn kan á ní kí a fi 4 sí i kó lè rọ̀. Wọn ò rò ó pé ìjókòó á ga, orúnkún á sì máa kan abẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọ̀ sí i, ẹ fi ìlàjì ínṣì fóòmù rírọ̀ lé ínṣì kan àti ààbọ̀ èyí tó le.

Ẹ gbé pákó lé fóòmù, ẹ fi máákà fà á yíká, ṣùgbọ́n kí ẹ gé e kó fi ìdá mẹ́rin ínṣì tóbi ju pákó lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí aṣọ bá fà á wálẹ̀, àlékún yẹn ni yóò kún etí pákó. Láìsí i, ẹ óò máa fọwọ́ kan igi lábẹ́ aṣọ. Ọ̀bẹ gígùn tó ní eyín, irú èyí tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì, ló gé fóòmù dáadáa. Ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ á wọlé láàárín, á yọ lókè àti nísàlẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tí àwọn aránbàtà ń lò ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú méjèèjì, ẹ dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó gbé e léra. Láàárín nìkan àti etí ló nílò rẹ̀. Èyí tí ẹ bá da gbìì á gan bí òkúta, ìdí á sì máa mọ̀ ọ́n lára. Òórùn gọ́ọ̀mù yìí ń gbaná kíákíá: ẹ má lò ó nítòsí sítóófù, ẹ má lò ó níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.

Lórí fóòmù, ẹ tẹ́ òwú ọlọ́rá, tí ọjà ń pè ní dákírọ̀n, ẹyọ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí aṣọ má baà máa ha fóòmù lójú, kí etí sì lè yípo. Bí ẹ bá tú àga àtijọ́ tí ẹ bá òwú àràbà nínú rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń lò kí fóòmù tó gbòde. Ó máa ń di kóró, ó sì máa ń gbaná; ẹ má dá a padà.

Nísinsìnyí ó kan aṣọ. Lẹ́dà méjì ló wà lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jọra. Èyí tí wọ́n ń pè ní PU rọ̀, ó sì dà bí awọ gidi, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, pẹ̀lú òógùn ara, máa ń tú kẹ́míkà rẹ̀. Òun ni ẹ ń rí tó ń bó, tó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àlejò. Ìkejì ni PVC. Ó le díẹ̀, ó wúwo, ó sì máa ń mú ìdí gbóná, ṣùgbọ́n kì í bó bẹ́ẹ̀. Ó kàn lè gan, kó sì sán lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Fún ilé tí ọmọdé wà, tí ọbẹ̀ ń dà sílẹ̀, PVC la máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ẹ fi omi àti ọṣẹ nù ún. Kẹ́míkà líle tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ kò yẹ ẹ́.

Ankara lẹ́wà, ó sì tín-ínrín. Bí a bá nà án taara lórí fóòmù, ojú ibi tí píìnì mú á máa fà, etí iwájú á sì tètè ṣá. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun tí àwọn télọ̀ fi ń ṣe àpò ṣòkòtò bo ìjókòó, kí ẹ fi píìnì mú un, kí ankara tó tẹ̀lé e. Aṣọ òkè tún gbọdọ̀ ní aṣọ lẹ́yìn tí a rán mọ́ ọn, nítorí pé ojú tí wọ́n fi so fọ́nrán kan mọ́ èkejì ni yóò kọ́kọ́ là bí a bá fà á. Àrán ní ojú tó ń sùn: ẹ fọwọ́ pa á láti ẹ̀yìn àga wá síwájú, bó bá sùn jẹ́ẹ́, bó ṣe yẹ nìyẹn. Bí àga márùn-ún bá sùn síwájú tí ẹyọ kan sùn sẹ́yìn, àwọ̀ ẹyọ yẹn á dà bí ẹni pé wọ́n rà á lọ́jà mìíràn.

Iye aṣọ rọrùn láti ṣírò. Fún ìjókòó ínṣì 18 sí 18: ínṣì 2 fún fóòmù, ìlàjì fún pákó, ínṣì 2 fún ìfàwọlé lábẹ́, ìyẹn mẹ́rin ààbọ̀ ní ìhà kan, mẹ́sàn-án ní ìhà méjì. Ẹ nílò ínṣì 27 sí 27. Aṣọ kúṣìn tó fẹ̀ ní ínṣì 54 yóò gba méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àga mẹ́fà á gba ìlà mẹ́ta, ìyẹn ínṣì 81, yáàdì 2 àti ìdá mẹ́rin. Ẹ ra 2 àti ààbọ̀. Ankara kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan péré ni fífẹ̀ rẹ̀ á gbà, nítorí náà àga mẹ́fà á jẹ yáàdì 4 àti ààbọ̀. Bí àwòrán ńlá bá wà lára aṣọ tí ẹ sì fẹ́ kó bọ́ sí àárín ìjókòó kọ̀ọ̀kan, àlékún rẹ̀ kì í kéré; ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní ìsọ̀ kí ẹ wọ̀n ọ́n lójú olùtajà.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ gan-an nìyí: fífà. Gọ́ọ̀nù tí ń yin píìnì, èyí tí a ń fọwọ́ tẹ̀, tó fún ilé. Píìnì ẹlẹ́sẹ̀ mìlímítà 8 ló tọ́ sí aṣọ, 10 sí lẹ́dà níbi tó ti ká léra. Ẹ má lo 14 sórí pákó onílàjì ínṣì, ẹnu rẹ̀ á yọ lókè. Píláíwúùdù àti arère gba píìnì wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí igi ìjókòó bá jẹ́ ìrókò tàbí apá, gọ́ọ̀nù ọwọ́ kò ní lè rì í. Ẹ lo ìṣó wẹ́wẹ́ onílàjì ínṣì àti òòlù.

Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ gbé ìjókòó lé e, fóòmù sí ìsàlẹ̀. Píìnì kan sí àárín iwájú. Ẹ lọ sí àárín ẹ̀yìn, ẹ fà á, píìnì kan. Àárín ọ̀tún, kan. Àárín òsì, kan. Ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ yí i sókè, ẹ wo fọ́nrán aṣọ bó bá lọ gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó bá wọ́, píìnì mẹ́rin péré lẹ óò yọ. Bó bá dára, ẹ máa lọ láti àárín sí igun, ínṣì kan sí ara wọn, kí ẹ máa pààrọ̀ ìhà, iwájú díẹ̀, ẹ̀yìn díẹ̀, kí ẹ sì dúró nígbà tó bá ku ínṣì 2 kó dé igun. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti igun kan lọ sí èkejì. Gbogbo ìrunjọ aṣọ ni wọ́n ń lé síwájú bí ìgbálẹ̀ ṣe ń lé ìdọ̀tí, yóò sì parí sí igun kẹrin, níbi tí kò ti sí ọ̀nà láti tún un ṣe àfi kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀.

Agbára tí ẹ fi ń fà kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Fífà tó bá pọ̀ jù lójú píìnì kọ̀ọ̀kan máa ń fi kòtò wẹ́wẹ́ hàn ní etí ìjókòó. Bí ẹ bá rí i, ẹ yọ píìnì náà, ẹ tú aṣọ sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́dà ẹ̀wẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí oòrùn díẹ̀ kó rọ̀. Ẹ dá píìnì dúró lọ́gbọọgba pẹ̀lú etí pákó, kí ẹ má fi orí rẹ̀ kọjú sí etí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ kò ní mú ju fọ́nrán méjì lọ. Ẹ sì ṣọ́ ihò súkúrù: bí aṣọ bá bò ó, súkúrù á yí aṣọ mọ́ ara rẹ̀, á sì fa fọ́nrán kan jáde títí dé ojú ìjókòó. Ẹ gé aṣọ kúrò níbẹ̀.

Fún igun, ẹ di ṣóńṣó aṣọ mú, ẹ fà á wọ abẹ́ sí ọ̀nà àárín ìjókòó, ẹ fi píìnì kan mú un. Ẹ gé èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á wá kù bí etí. Ẹ ká ti iwájú kọ́kọ́, kí ti ẹ̀gbẹ́ lé e, kí ìṣẹ́po náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga, kí ẹni tó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà má rí i. Bí aṣọ bá nípọn, ẹ gé inú ìṣẹ́po kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìjókòó kò ní jókòó dáadáa sórí igi.

Àwọn àga kan wà tí ìjókòó wọn kì í ṣe orí igi ló ń gbé, inú férémù ló ń bọ́ sí. Ẹ ṣọ́ra fún wọn. Àlàfo ibẹ̀ kò ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bo aṣọ tuntun lé ti àtijọ́, tàbí tí ẹ lo lẹ́dà nípọn níbi tí aṣọ ti wà, ẹ óò fi òòlù gbá a wọlé, oríkèé férémù á sì là. A ti rí férémù ọ̀gànwó tí kò sí ohun mìíràn tó fọ́ ọ ju ìyẹn lọ. Ẹ fi ayùn tàbí sáńpépà dín pákó kù ṣáájú.

Abẹ́ kò ṣòro: aṣọ dúdú kan tó kéré ju pákó lọ ní ínṣì kan, ká etí rẹ̀ wọlé, píìnì yíká. Aáyán ò ní ríbi wọ̀, ìyẹ̀fun fóòmù ò sì ní máa dà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe kékeré. Fóòmù yìí ń jó kíákíá, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé tó ń pani kí iná tó kanni. Ní oṣù karùn-ún 1979, iná jó ilé ìtajà Woolworths ní Manchester, èèyàn mẹ́wàá kú. Ìdí àga onífóòmù ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1988 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó de fóòmù àti aṣọ àga tí wọ́n ń tà. Ẹ̀yin ará wa tó wà lọ́hùn-ún, àmì òfin iná tí wọ́n rán mọ́ abẹ́ àga yín, ẹ má gé e sọnù, nítorí pé àwọn ilé ìtajà aláàánú kì í gba àga tí kò ní i. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àmì náà kò jẹ́rìí sí aṣọ tuntun tí ẹ fi bò ó. Ẹ ra fóòmù tí wọ́n ti fi kẹ́míkà ìdènà iná sí. Nílé níbí, ẹ kàn má gbé àga onífóòmù sún mọ́ àbẹ́là tàbí sítóófù.

Àga tó ní sípíríìngì, tàbí sófà tí wọ́n rán apá rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ gbé e fún oníkúṣìn. Sípíríìngì tí kò bá so dáadáa lè ta gbá èèyàn lójú.

Bí ẹ bá ní àyè lójú ewé ọ̀rọ̀ ilé, Olóòtú, ẹ bá wa fi àwòrán bí wọ́n ṣe ń ká igun sí i, nítorí pé igun ni àwọn èèyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ wa jù.

Àwa ni tiyín,
Àwọn oníkúṣìn mẹ́ta, Ìbàdàn